Iṣẹ́ Abẹ Ajá Kò Parí Nílé Ìwòsàn

Bí oníṣègùn ẹranko bá ti rán ojú abẹ tán, tí ó sì ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, èrò ọ̀pọ̀ alájá ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n á san owó tó kù, wọ́n á gbé ajá sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ilé. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ ilé ọmọ abo ajá, tàbí èyí tí wọ́n fi ń tẹ akọ lọ́dàá, kì í pẹ́ púpọ̀ lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 sí 14 ni ojú ọgbẹ́ máa ń lò kí ó tó jiná, inú ilé alájá sì ni gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí ti ń kọjá. Ajá tí abẹ kò pa lè kú níbẹ̀.

Ohun tó mú kí èyí kọjá ọ̀rọ̀ ajá nìkan ni pé, bí ajá kan bá kú ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìròyìn tí yóò gba àdúgbò kì í ṣe pé wọ́n so ó mọ́ ẹnu géètì nínú iyanrìn, tàbí pé ó fi eyín fa òwú jáde ní òru. Ìròyìn tí yóò tàn ni pé, “Abẹ ni wọ́n fi pa ajá Lágbájá.” Aládùúgbò tó ti ń múra láti gbé abo ajá tirẹ̀ lọ yóò sì jókòó sílé. Oyún ajá kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ. Kò ní pẹ́ tí ọmọ ajá mẹ́fà tàbí méje tí kò sí ẹni tí yóò gbà wọ́n yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri lẹ́yìn ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn àti ní ibùdókọ̀, láìsí ẹni tí yóò mú wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ibẹ̀ ni àrùn dìgbòlugi ti ń rí ọ̀nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, ní ilẹ̀ Éṣíà àti Áfíríkà jù lọ, àti pé nínú ènìyàn 100 tó bá kó o, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti kó o. Nínú ènìyàn 10 tí ẹranko tí wọ́n fura sí bá bù jẹ, mẹ́rin ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Bí àmì àrùn náà bá ti yọjú lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó ń dá a dúró ní ìlú ni kí ajá 70, ó kéré tán, nínú 100 ti gba abẹ́rẹ́. Pípa ajá ìgboro nípakúpa kò dá a dúró rí. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ ajá tuntun bá ti ń ya wọ ìgboro lóṣooṣù, àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ kò lè lé wọn bá. Nítorí náà, ọgbẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ikùn ajá kan ní Ìbàdàn, ní Jos tàbí ní Àbújá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ìtọ́jú náà tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí abẹ tó kan ara. Ajá tó ti dàgbà kò gbọ́dọ̀ jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí pé oògùn akunilóorun lè mú kí ó bì, kí èébì sì gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Alájá gbọ́ èyí, ó sì ní òun gbà. Ṣùgbọ́n kò sọ fún máìgádì, tí àánú ajá ṣe ní ìdájí, tó sì fún un ní ẹ̀bà tó ṣẹ́kù. Irú nǹkan báyìí ni dókítà kì í mọ̀ àfi tí ọ̀ràn bá ti bẹ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ eégbọn. Àwọn àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Òmíràn ń pa ẹ̀jẹ̀ run, òmíràn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bó ṣe yẹ. Ajá tí eégbọn bò ní etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí iṣẹ́ abẹ sì dúró bí àyẹ̀wò náà kò bá dára. Dókítà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gba owó lẹ́ẹ̀mejì.

Alẹ́ àkọ́kọ́ ló máa ń dẹ́rù ba ilé. Ajá tó ń fò mọ́ ènìyàn ní àná yóò dé bí ọ̀mùtí: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ràn án, ojú rẹ̀ yóò máa pajú dé, yóò máa gbọ̀n, nígbà mìíràn yóò máa ké lóhùn tí kò sí ẹni tó gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ oògùn akunilóorun tí kò tíì kúrò lára tán. Ohun tí ó nílò ni ibi tó gbóná díẹ̀, tó dákẹ́, tí kò ní àtẹ̀gùn tí yóò ti ṣubú. Oògùn náà máa ń jẹ́ kí ara ajá tutù, nítorí náà ilẹ̀ táìlì tàbí sìmẹ́ńtì lásán kò dára fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Kí wọ́n tẹ́ aṣọ tó mọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà sí àṣà dída omi sí i lára láti fi jí i. Kí àwọn ọmọdé má ṣe rọ̀gbà yí i ká. Ajá tí ọkàn rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò lè ṣèèṣì bu ẹni tó fẹ́ràn jù jẹ.

Bí ó bá ti lè gbé orí dúró, tí ó sì ń tẹ̀lé ènìyàn lójú, kí wọ́n fún un ní omi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ, ìdajì èyí tó máa ń jẹ: ìrẹsì rírọ̀ pẹ̀lú ẹran tàbí ẹja tí kò ní ata, tí kò sì ní àlùbọ́sà, nítorí pé àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́ nígbà gbogbo, kì í ṣe nígbà àìsàn nìkan. Eegun kò sí nínú oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Eegun a máa dí ìgbẹ́, ajá tó bá sì ń tiraka láti yàgbẹ́ ń fi agbára fa ojú rírán. Bí ó bá bì lẹ́ẹ̀kan ní alẹ́ náà, kò tíì burú. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí ilẹ̀ tún ṣú, tí kò sì fẹnu kan nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

Lẹ́yìn alẹ́ yìí ni ọ̀tá gidi dé, ìyẹn ahọ́n ajá fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé itọ́ ajá ni oògùn ọgbẹ́ ajá, àti pé ẹ̀dá tí kò ní ọwọ́ ni Ọlọ́run fún ní ahọ́n láti fi tọ́jú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà fún ọgbẹ́ tí wọ́n fi òwú rán. Ẹnu ajá kún fún kòkòrò àrùn. Ahọ́n rẹ̀ le bí kànìnkànìn, bí ó bá sì ń lá ojú kan náà láìdábọ̀, awọ yóò rọ̀, yóò pọ́n, yóò sì ṣí. Nígbà tó bá fi ahọ́n kan òwú, eyín ni yóò kàn lẹ́yìn náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fún ajá láti tú ohun tí dókítà fi sùúrù rán. Abo ni ewu rẹ̀ tóbi jù fún, torí pé inú ikùn ni wọ́n ti la, lábẹ́ ìdodo, awọ àti ẹran ara sì ni wọ́n rán ní ìpele ìpele. Bí gbogbo rẹ̀ bá tú, ìfun lè yọ síta.

Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń fi ike tó rí bí àrọ sí ọrùn ajá. Ajá kórìíra rẹ̀. Yóò máa fi gbá ògiri, yóò dúró lójú kan, yóò fi ojú àánú wo ẹni tó ni ín, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ alájá ti ń juwọ́ sílẹ̀ tí wọ́n á yọ ọ́ “fún ìsinmi díẹ̀.” Ìsinmi díẹ̀ náà ni òwú fi ń tú. Bí ìlú kan kò bá ní irú ike bẹ́ẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kékeré tó mọ́, tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì fi aṣọ wé etí rẹ̀ kí ó má baà gé ọrùn, lè ṣe iṣẹ́ kan náà, bí etí rẹ̀ bá ti gùn kọjá imú. Aṣọ ọmọdé tó ti gbó, tí ẹsẹ̀ iwájú ajá gba inú apá rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì ta á ní kókó lórí ẹ̀yìn, tún ń bo ikùn abo dáadáa. Kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti dọ̀tí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ajá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú aṣọ náà lè ṣe é. Ajá kò mọ̀.

Èkejì ni ìsinmi, èyí ló sì ṣòro jù ní àwọn ìlú ńlá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ajá ní Nàìjíríà kì í ṣe ẹran ọ̀sìn lásán, iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń ṣe. Alájá á ní, bí Bingo kò bá jáde ní òru òní, ta ni yóò ṣọ́ ilé? Wọ́n á wá tú u sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ kejì, yóò sáré lọ sí ẹ̀yìn ilé, yóò fo gọ́tà, yóò fi ẹsẹ̀ méjèèjì gun ògiri láti gbó mọ́ ọlọ́kadà tó ń kọjá. Yorùbá ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Èyí tí ikùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ kò lè ṣọ́ ẹyọ kan pàápàá. Kí wọ́n máa fi okùn kúkúrú mú un jáde lọ tọ̀, kí wọ́n sì mú un padà. Kí ó má gun àtẹ̀gùn bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó má fo wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ó má bá ajá mìíràn jà tàbí ṣeré ipá. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ara rẹ̀ yóò ti yá débi pé yóò máa ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àsìkò yìí gan-an ni ó yẹ kí wọ́n túbọ̀ mú un mọ́lẹ̀, torí pé awọ òkè lè ti lẹ̀ nígbà tí ẹran ara ìsàlẹ̀ kò tíì mú.

Ní ti oògùn, òfin kan ṣoṣo ló wà: ohun tí dókítà ẹranko kò bá kọ, ajá kò gbọ́dọ̀ lò ó. Panadol tó wà nínú àpò ìyá àgbà kì í ṣe ti ajá. Ibuprofen burú ju bẹ́ẹ̀ lọ; ó ń dá egbò sí ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, ìwọ̀n tí ènìyàn ń lò láìsí wàhálà sì lè pọ̀ jù fún ajá. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn kankan tí ọgbẹ́ náà nílò ní ojú. Kò nílò eérú, kò nílò epo ẹ́ńjìnnì dúdú tí àwọn kan ń fi pa èkúkú ajá, kò nílò Izal, kò sì nílò omi gbígbóná pẹ̀lú iyọ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ń jó awọ tó ń gbìyànjú láti so pọ̀, ajá yóò sì tún lá èyí tó bá ṣẹ́kù mì. Kí ojú abẹ gbẹ, kí ó mọ́, kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwẹ̀ títí tí òwú yóò fi kúrò.

Eṣinṣin ni aráalé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù. Ilẹ̀ wa gbóná, eṣinṣin kì í sì í pẹ́ rí ọgbẹ́. Bí wọ́n bá yé sójú abẹ tó rin, ìdin yóò yọ níbẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Irú kan tún wà tó ń yé sínú iyanrìn tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá kàn, ìdin rẹ̀ a sì máa gún awọ ajá tó bá sùn síbẹ̀ wọlé, yálà ó ní ọgbẹ́ tàbí kò ní. Ajá tó ń gba ìwòsàn kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń so mọ́ ìdí igi nínú iyanrìn. Yàrá ọkọ̀, ẹ̀yìn ilé ìdáná, igun pálọ̀ pàápàá sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹnìkan dá ajá náà dùbúlẹ̀, kí ó wo ojú abẹ, kí ó sì ṣí ètè rẹ̀ wo erìgì. Pípọ́n díẹ̀ àti wíwú díẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò burú. Ti akọ ní ohun kan tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: iwájú àpò ẹpọ̀n ni wọ́n sábà máa ń gé, nítorí náà àpò náà yóò ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè wú díẹ̀ bí ẹni pé wọn kò yọ nǹkan kan. Yóò sún kì bí ọjọ́ ti ń lọ. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ di òwúrọ̀ ọ̀la ni ẹ̀jẹ̀ tó ń kán láìdá, ọyún tàbí òórùn, ojú abẹ tó là, ikùn tó ń le tó sì ń wú, tàbí ajá tí kò lè dìde. Erìgì tó funfun bí ẹfun, nígbà tó jẹ́ pé ó yẹ kí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, lè túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú. Irú ajá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn ní òru náà.

Ta wá ni ẹnìkan tí yóò máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ yìí? Ibí ni ó yẹ kí àwọn dókítà ẹranko fúnra wọn ti gba ẹ̀bi díẹ̀. Ìwé ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fún alájá, níbi tí wọ́n bá tilẹ̀ ti ń fúnni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìṣègùn sì kún inú rẹ̀. Alájá á ká a, á fi sínú àpótí ọkọ̀, á lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹni tó wà pẹ̀lú ajá láti àárọ̀ di alẹ́ ni máìgádì, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí ìyá àgbà. Yorùbá ni òmíràn ń kà, Hausa ni òmíràn, òmíràn kò sì kàwé rárá, ṣùgbọ́n ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ó sì lè mọ àwòrán. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà pe ẹni náà lórí fóònù, kí ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó ń gbọ́.

Kò sí ìdí tí wọn yóò fi sọ pé èdè Yorùbá kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Títẹ̀ lọ́dàá kì í ṣe àjèjì. Àwọn darandaran àti àgbẹ̀ ti ń sọ ọ́ nípa òbúkọ àti àgbò kí ilé ìwòsàn ẹranko kankan tó dé, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ti abo ni kò ní orúkọ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n “wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀” yé ọmọdé, ó yé àgbà. “Má jẹ́ kó lá a,” “má wẹ̀ ẹ́,” “má tú u sílẹ̀,” “bí erìgì rẹ̀ bá funfun, pè wá.” Gbólóhùn mẹ́rin péré nìyẹn. Ó yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ẹranko, irú èyí tó wà ní Ìbàdàn, ní Zaria àti ní Nsukka, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ọ̀la, jẹ́ aṣáájú nínú títẹ irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ ní èdè àdúgbò wọn.

Àwọn tó ń tako iṣẹ́ abẹ yìí ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ní gbígbọ́. Wọ́n ní ajá yóò sanra: òótọ́ ni pé ó rọrùn fún un láti sanra, torí pé agbára tí ara rẹ̀ ń lò dín kù, nítorí náà kí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù díẹ̀, kí wọ́n sì máa mú un rìn bí ara rẹ̀ bá ti jiná. Àwọn abo kan máa ń tọ̀ sára bí wọ́n bá dàgbà, oògùn sì wà fún un. Ọjọ́ orí náà ṣe pàtàkì. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ní University of California, Davis, ti fi hàn pé nínú àwọn ẹ̀yà ajá ńlá kan, bí èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Alsatian, ìṣòro oríkèé máa ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ó tó pé ọmọ ọdún kan. Ó dára kí alájá béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń sọ pé kò ní lè ṣọ́ ilé mọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìṣọ́lé kò sí nínú kóró ẹpọ̀n, abo tí kò ní in rí ń ṣọ́ ilé dáadáa. Ó jọ pé àánú akọ ajá ló ń ṣe àwọn ọkùnrin kan ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, abo tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ tán kò lè ní àìsàn tí ilé ọmọ fi ń kún fún ọyún, èyí tó ń pa àgbà ajá tí wọn kò bá tètè rí ìtọ́jú. Akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá náà kò lè ní jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n.

Bí ọjọ́ 10 sí 14 bá pé, kí wọ́n gbé ajá padà fún yíyọ òwú, bí kò bá jẹ́ irú òwú tó ń yọ́ fúnra rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí dókítà ṣì fi ojú rí i. Kí wọ́n má fi ọ̀bẹ tàbí abẹ ìfárùngbọ̀n gé òwú nílé. Ti akọ kò tíì parí níbẹ̀ o: àtọ̀ tó ti wà nínú ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n tó yọ kóró lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ abo tí ara rẹ̀ ń béèrè akọ fún bí oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀. Bí ajá náà, akọ tàbí abo, kò bá sì tíì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí wọ́n béèrè fún un ní ọjọ́ tí wọ́n bá lọ yọ òwú náà, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání.